Iye Tí Mo Kà Dé

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó lẹ́yìn gíláàsì
nílé ìfowópamọ́ tó kọjú sí ọjà Kétu,
tí mò ń ka owó olówó.
Fáànù ń fẹ́ mi lẹ́yìn ọrùn. Àga mi ní tìmùtìmù.
Owó oṣù kì í kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Ẹ má ṣì mí gbọ́ o:
n kò bú iṣẹ́ náà. Ó bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì,
ó fi páánù tuntun sórí ilé ìyá mi.
Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, tí wọ́n bi mí pé
"Kí lo ṣe lónìí?"
màá wo àtẹ́lẹwọ́ mi,
kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, nínú ọyẹ́,
obìnrin kan wá láti Òdò-Mẹ́ta pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tó ti rún,
ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jáde.
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta sẹ́fà, owó ẹ̀wà ọdún méjì.
Mo ní, "Ìyá, ṣé ìnáwó ni?"
Ó ní, "Omi ni.
Ẹ̀rọ wa ti yadi láti oṣù kẹfà."
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi rọ́bà dì í,
mo tì í gba abẹ́ gíláàsì.
Orúkọ ìlú náà kò fi mí sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú:
odò mẹ́ta létí,
kò sí ẹ̀kún ìkòkò kan lẹ́nu.

Ní Sátidé mo gun alùpùpù lọ wò ó. N kò mọ ohun tí mò ń wá.
Ọ̀gá Odùnlámì ti tú ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sórí ẹní,
ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, bí ẹni ń to egungun ẹja.
Ó fi awọ pélébé kan hàn mí, tó ti jẹ tán,
kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.
"Èyí," ó ní,
"nítorí èyí ni odindi abúlé ṣe ń rin kìlómítà méje."
Mo ní kí ó jẹ́ kí n dì í mú.
N kò dá a padà bọ̀rọ̀.

Ìyá mi sunkún nígbà tí mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.
"Sìdóní, ta ló ń dìde lórí àga
láti lọ jókòó sínú ẹrẹ̀?"
N kò rí èsì fún un. N kò tíì rí i dòní.
Ẹni ọdún méjìdínlógójì, mò ń ru sípánà tẹ̀lé ọ̀gá,
àwọn ọmọkùnrin ń pè mí ní Madáàmù Báńkì.
Oṣù mìíràn, gbèsè. Oṣù mìíràn, iṣu ni wọ́n fi san án.
Ní ọ̀sán gangan oṣù kẹta, n kò ní purọ́,
mo máa ń ronú kan fáànù yẹn.

Lánàá, lọ́nà Ìlárá, a so ọ̀pá kẹtàdínlógún mọ́ra,
ọ̀gá fi ọwọ́ ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́,
ó lọ jókòó lábẹ́ máńgòrò.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwà àtijọ́.
Ogún: ó wú ikọ́ gbígbẹ.
Ọgbọ̀n: atẹ́gùn lásán.
Àwọn obìnrin ti dákẹ́. Ọmọ kan ti tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ,
kò gbé e kúrò.
Ní ìkẹtàlélógójì, nǹkan kan wúwo nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún,
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun,
ó dìde.

Ó kọ́kọ́ pupa. Lẹ́yìn náà ó mọ́.
Èjìká mi ń dùn mí. Wọ́n ti ń du ìlà.
N kò mọ ìgbà tí mo gbàgbé
iye tí mo kà dé.