Owó Tíì

Ọjọ́ tí Doreen fẹ̀yìn tì ní gáréèjì bọ́ọ̀sì wa ní Luton,
agolo bisikíìtì kan ló gbé lé mi lọ́wọ́,
ó ní, "Ìwọ ló kàn."
Àádọ́ta pẹ́nì lọ́sẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan,
àwa mẹ́rìnlá:
pọ́n-ùn méje tí yóò ra tíì, tí yóò ra mílíìkì,
tí kò sì gbọdọ̀ ra ìjà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe.
Mo mọ ìgbà tí bíréèkì bá ń parọ́.
Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi lédè ewé?

Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ra èyí tó pọ́ọ́kú jù,
ọgọ́rin àpò kékeré nínú páálí funfun tí ò lórúkọ.
Clifford fẹnu kan ife, ó gbójú sókè:
"Ṣé wọ́n fi tíì han omi yìí ni,
àbí wọ́n kàn ròyìn rẹ̀ fún un?"
Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ojú tì mí, mo bá ná ìnákúnàá:
agolo aláwọ̀ wúrà, erin lára rẹ̀,
erin náà gbé ọba kan tó ń rẹ́rìn-ín sí owó wa.
Kó tó di Ọjọ́rú, tíì ti tán. Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí mílíìkì.
A mu omi gbóná, à ń wo erin.
Kí n má sì parọ́, ti erin náà ò yàtọ̀:
ohun kan bí awọ a máa léfòó lójú ife,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí epo bá kán sínú omi,
o fi ṣíbí kàn án, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Oògùn wo ni n ò lò?
Mo rẹ ẹ́ pẹ́. Mo tètè yọ ọ́.
Mo kọ́kọ́ da mílíìkì, díẹ̀ ló kù kí Clifford pè mí lẹ́jọ́.
Gethin ní lọ́dọ̀ àwọn ní Wales,
páálí funfun tí à ń bú yìí gan-an ni ìyá òun ń mu,
ó sì ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí bíríkì tuntun.
Mo ní irọ́ ni. Ó búra.
Ní ọjọ́ Ajé tó ti ilé dé,
ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan láti ẹnu ẹ̀rọ ilé ìyá rẹ̀ ka orí tábìlì
bí ẹni mú ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù.

A gbé e kaná. Ife kan náà, àpò olówó pọ́ọ́kú kan náà.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Clifford mu tirẹ̀ tán, ó mu tèmi.

Parveen tó ń gbálẹ̀ fi ìgbálẹ̀ ti ògiri,
ó da kẹ́tùlù wa dojú bolẹ̀:
ẹfun já bọ́, pàkà pàkà, bí èépá ojú egbò.
"Ẹ ń na ewé ní pàṣán, omi ló jalè.
Inú òkúta ẹfun ni omi ìlú yìí ti ń bọ̀;
tíì onírẹ̀lẹ̀ ò lè bá a jìjàkadì.
Ẹ lọ bá Zulfiqar lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin."

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àpò ìrẹsì:
tíì Kẹ́ńyà, dúdú, wóró wóró bí ẹ̀tù ìbọn,
kílò kan, pọ́n-ùn mẹ́fà.
Kò sí erin. Kò sí ọba.
Zulfiqar ní kí n máa fi ọtí kíkan fọ kẹ́tùlù lóṣooṣù.

Kò dára tó ti omi ìyá Gethin, a ò ní tan ara wa.
Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún ìdájí, nínú òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́,
tí bọ́ọ̀sì méjìdínlógún ń wúkọ́ nínú òkùnkùn,
ife yẹn pọ́n, ó ní egungun,
pọ́n-ùn mẹ́ta sì ń ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ sínú agolo Doreen.

Clifford ní kí n fi ra bisikíìtì.
Mo dúró níwájú pẹpẹ bisikíìtì lánàá, ó tó wákàtí kan.