Sítáǹbù Mẹ́ta

Èmi ni mo ń pín lẹ́tà lópòópónà ẹ̀bá adágún,
ní ìlú kékeré kan ní Minisóta,
níbi tí yìnyín ti ń bo àtẹ̀gùn ilé láti oṣù kọkànlá,
tí ojú wa kì í kan koríko títí di Ọdún Àjíǹde.
Mo mọ ilé tó jẹ gbèsè. Mo mọ ilé tí ọmọ rẹ̀ kì í kọ̀wé.
Mo mọ bí lẹ́tà ojú ogun ṣe ń rí lọ́wọ́:
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀ ní ìṣẹ́po rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Lorna Haugen, awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé,
kan pákó mọ́ òpó níwájú ilé rẹ̀.
Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́, ọ̀dà náà sì ṣàn kó tó gbẹ:
ÀÀRẸ, MÉLÒÓ LÓ KÙ TÍ Ẹ FẸ́ GBÀ LỌ́WỌ́ WA?
Soren ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ó ń tún ọkọ̀ ogun ṣe.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú ti là bí ìtì igi lábẹ́ àáké.
Wọ́n sọ ọ́ nílé kọfí, wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn,
wọ́n sọ ọ́ nínú àgọ́ apẹja lórí adágún tó dì,
wọ́n tẹjú mọ́ ihò inú omi dídì
bí ẹni pé ibẹ̀ ni èsì yóò ti yọrí.

Virgil Tesch sọdá títì wá bá a,
Virgil tí ogun mìíràn ti gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀
nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.
"Lorna, ilé ń jó, ìwọ ń bá ẹni tó gbé korobá jà.
Ọ̀tá ń gbọ́ wa. Jẹ́ kí ogun parí ná."
Lorna kò gbójú kúrò lára ṣọ́bìrì tó fi ń kó yìnyín.
"Mo ti gbóòórùn ohun tó wà nínú korobá náà, Virgil.
Kì í ṣe omi.
Bí mo bá sì dúró kí ogun parí, ta ni màá bi?
Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ mi sí?"

Virgil la ẹnu, ó pa á dé.
Ó padà sílé, ó fa àsíá tirẹ̀ dé góńgó òpó.

Àwọn òbí kan ní kó má fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ àwọn mọ́.
Ẹnìkan fi ọkọ̀ gbá pákó náà wó lóru.
Ó tún un kàn.

Ẹ má bi mí. Aṣọ ìjọba ló wà lọ́rùn mi,
ẹni tó wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ a máa ronú bó bá ń rìn.
Láti ilé Haugen dé ilé Tesch, ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì,
mo ń rò ó pé ìdákẹ́ lè jẹ́ ìfẹ́,
bí ìdákẹ́ ẹni tó di àkàbà mú fún ẹni tó gùn ún.
Ṣùgbọ́n bó bá rí i tí igi àkàbà ń ya ńkọ́?
Ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń jẹ kòkòrò tí kò wí,
hùrùhẹrẹ òru, òun náà ni yóò gbọ́ ọ.
Mo ń rò bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kan ilẹ̀kùn Virgil,
tí yóò na ọwọ́ oníka mẹ́ta sí mi, kó gba lẹ́tà,
tí èrò mi yóò sì tún dàrú.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Virgil ti gbé irin pupa ara àpótí rẹ̀ sókè:
ó ní nǹkan tó fẹ́ fi ránṣẹ́.
Àpòòwé funfun kan. Ìwé kíkọ wọ́gọwọ̀gọ,
ti ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé:
SÍ ÀÀRẸ.

Mi ò ṣí i. Òfin kò gbà, ọkàn mi náà kò gbà.
Mo kàn gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ fúngbà díẹ̀ nínú òtútù.
Ó lè jẹ́ ìyìn. Ó lè jẹ́ àdúrà.
Ṣùgbọ́n ọdún kẹrìndínlógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí.
Sítáǹbù mẹ́ta ló lẹ̀ mọ́ ọn,
n kò sì tíì rí ìyìn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀.