Ẹni Tó Gbé Àrokò Dé Abíyá

Ní Castro, ní erékùṣù Chiloé,
òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé, kò sì rẹ̀ ẹ́.
Edelmira jókòó sẹ́yìn ilé onígi tó fẹsẹ̀ rìn wọ omi,
ó ń la ìkarahun fún ọbẹ̀ alẹ́.
Ọ̀kan yọ̀. Ó gé e ní àtàǹpàkò.
Ó fẹnu fa ẹ̀jẹ̀, ó tutọ́ sómi,
ó ní, "Kò tó nǹkan," ó mú òmíràn.

Lábẹ́ awọ, níbi tí àtùpà kò dé,
sẹ́ẹ̀lì kan wà tó yọ ẹ̀ka bí igi tí ọyẹ́ gbà léwé.
Kì í ṣe jagunjagun. Kò ní idà.
Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa tọ́ nǹkan wò,
títí ó fi kan kòkòrò tó bá ìkarahun wọlé.
Ó gbé e mì.
Ó rún un wẹ́wẹ́, ó yọ ẹ̀rún kan sọ́tọ̀,
ó fi í kọ́ àyà bí àrokò,
ó dìde.

Ìrìn ọjọ́ kan, bóyá méjì, dé kókó abíyá.
Edelmira ti sùn. Ọkọ rẹ̀ ń hanrun.
Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun pọ̀ sí bí èèrùn,
tí a dá ẹnìkọ̀ọ̀kan fún ọ̀tá kan ṣoṣo
tó lè má wá láéláé.
"Ṣé o mọ eléyìí?" Rárá.
"Ìwọ ńkọ́?" N kò mọ̀ ọ́n.
Ẹgbẹ̀rún kọjá.
Mo máa ń ronú nípa àwọn wọ̀nyẹn,
tí wọ́n ṣọ́nà títí wọ́n fi darúgbó,
tí ẹnikẹ́ni kò fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n.

Títí ọ̀kan fi dúró.
Ṣùgbọ́n kí ojú mọ nǹkan nìkan kò tó ogun;
ẹlẹ́rìí ní láti fọwọ́ kejì dì í mú,
kó wí pé: "Kì í ṣe àlejò. Níbi tó ti ń ba nǹkan jẹ́ ni mo ti bá a."
Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún á padà sùn,
oorun tí a kì í jí nínú rẹ̀.
Ó sọ ọ́.
Ọ̀kan di méjì, méjì di ogún,
ogún di ohun tí ẹnu ò lè kà.

"Maite, wá wo abíyá mi, ó wú!"
Ọmọ ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn.
Ìyá ní ọjọ́ orí ni.
Àtàǹpàkò ti ń jiná.
Ìránṣẹ́ náà kò padà síbẹ̀ mọ́:
ibi tó jẹ́ iṣẹ́ sí ló kú sí.
Òjò ṣì ń rọ̀. Edelmira mú ọ̀bẹ.