Pátákó Méje

Nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ wa ní Asturias,
lẹ́yìn ẹ̀rọ amúlé-móoru tí kì í móoru,
pátákó méje fẹ̀yìn ti ògiri
bí àwọn àgbà tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì.

Igi ni ti àkọ́kọ́. Secundino ló kọ ọ́,
ẹni tó ń kun ọkọ̀ apẹja ní èbúté,
ìdí nìyẹn tí lẹ́tà rẹ̀ fi ń lọ sókè sódò bí ìgbì:
Ọ́fíìsì Ọ̀rọ̀ Àyíká.
Yàrá méjì péré, lókè ọjà ẹja,
tábìlì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà "a" rẹ̀ ti kán,
a ń fi bírò kọ gbogbo "a" sí i.

Odò Nareval dúdú nígbà náà.
Mi ò sọ pé ó dọ̀tí o, dúdú ni mo wí,
dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ìyá mi wà lára àwọn obìnrin tó ń fọ èédú lápá òkè:
wọ́n ń fọ òkúta, odò ń gba ẹ̀gbin,
ilé wa ń jẹun.
Nígbà tí olùkọ́ ní ká ya odò,
kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tó bèèrè àwọ̀ búlúù.

Obdulia ni ọ̀gá wa àkọ́kọ́,
obìnrin kúkúrú, bàtà rọ́bà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń wọ̀.
Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ afárá,
á bu omi sínú ìgò, á kọ ọjọ́ sí i, á dé e.
Àwọn awakùsà á máa pariwo láti òkè:
"Ìyá olómi, ṣé o fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"
Kò fèsì.
Ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ kì í fi ẹnu ṣòfò.

Ìjọba dé, ìjọba lọ.
Wọ́n so wá mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀: pátákó kejì.
Wọ́n tú wa, wọ́n so wá mọ́ ilé kíkọ́,
ìyẹn nígbà tí wọ́n fi okùn kan so iṣu àti ewúrẹ́.
Ọdún kan wà tí a kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni,
owó oṣù mẹ́rin sọnù sáàárín ilé méjì.
Wọ́n fi "Ìdàgbàsókè" ṣíwájú "Àyíká",
wọ́n tún gbé e sẹ́yìn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò yí padà.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ ní ká mú ẹ̀rí wá
lórí ilé iṣẹ́ tó ń da omi èédú sódò lóru,
a kò gbé fáìlì lọ. Obdulia to ọgọ́ta ìgò
síwájú adájọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀:
dúdú, dúdú, dúdú, eérú, dúdú.
Eérú yẹn, ó ní, ọ̀sẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ni.
Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

A jàre. N kò ní purọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.
Fún ọdún méjì, gbogbo ohun tó ń bá mi sọ kò ju
"oúnjẹ ti jinná" lọ.
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín
pé ọ̀fẹ́ ni omi tó mọ́.

Lónìí wọ́n gbé pátákó kẹjọ wá. Ike ni, iná ń tàn nínú rẹ̀.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá gbé e kọ́ bi mí
pé kí la fẹ́ fi àwọn ti àtijọ́ ṣe.
Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Obdulia ti lọ,
bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu.
Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.
Lábẹ́ afárá mo bu omi,
mo gbé ìgò sókè sójú ìmọ́lẹ̀:
mo rí ìka ọwọ́ mi ní òdìkejì,
àti ọmọ ẹja kan, kò ju èékánná lọ,
tí mo ní láti dà padà
kí n tó bu òmíràn.