Ìka Kan

Ní Sírájígọ́njì, létí odò Jámúnà,
Ṣẹ́fálì ń kanlẹ̀kùn ìkùukùu láti ìrọ̀lẹ́.
Ìkùukùu ní, "N kò mọ̀ ọ́."
Ó tún kọ́kọ́rọ́ tẹ̀, lẹ́tà mẹ́rìnlélógójì.
"N kò mọ̀ ọ́ rí."
Ìkùukùu kejì ń rọ̀ sórí páànù;
ìyẹn kì í béèrè kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́tà kan ló gbàgbé nígbà tó ń dà á kọ.

Aago méjì òru, odò yọ lójú kọ̀ǹpútà:
mítà méjìlá ó lé díẹ̀.
Kó tó mí kanlẹ̀, ó ti ga sí i.

Baba ọkọ rẹ̀ mú ọparun tó fi ọ̀bẹ sàmì sí,
ó wọ òkùnkùn lọ.
Ó padà, omi ń kán tótó lẹ́sẹ̀ rẹ̀:
"Sọ fún ìkùukùu rẹ
kó fi ìka kan kún un."