Òṣùwọ̀n Tuntun

Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi ti dípẹtà.
Mo fi epo ẹ̀rọ pa á lára bí ọmọ tuntun,
mo ní: wọ́n ti ní ká máa jáde,
ìwọ náà, ṣí.
Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá ó dún kẹ̀ùn.

Aláǹtakùn ti gbapò mi nídìí ẹ̀rọ,
ó ta òwú tirẹ̀ láti ẹnu abẹ́rẹ́ dé orí wíìlì,
ránńrán ọwọ́ rẹ̀ sì gún ju tèmi lọ.
Mo ní, ẹ kú àbójútó o,
ẹ wá dìde ńbẹ̀.

Ìsọkùn ń jí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó sùn ọ̀sán.
Ọlọ́kadà kan kọjá, ó tún padà kọjá,
kò gbé ẹnì kankan,
ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń gbọ́ gbádùn.
Lásúnkànmí tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì
na ìgbọ̀nwọ́ sí mi. Mo na tèmi.
Àwa tá a máa ń di ọwọ́ ara wa mú títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu,
ìgbọ̀nwọ́ la wá fi ń béèrè àlàáfíà!
Bóyá ó rẹ́rìn-ín. Ìbòmú ò jẹ́ n mọ̀.

Aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìndínlógún wà lórí ìkọ́ lójú fèrèsé,
mo ti rán wọn kí wọ́n tó ká wa mọ́lé.
Oòrùn ti mu nínú àwọ̀ ewé wọn.
Ìbíjọkẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.
Wọ́n fọwọ́ nínú ike tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà.
Ọmọ wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù ò gba ọmọ.
Etí rẹ̀ gòkè orúnkún, ọrùn ò ṣeé dè.
Ìyá wò mí bí ẹni pé mo jí aṣọ gé.
Màmá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ti ọjà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí,
wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà Àkúrẹ́;
ta ló rí àgádágodo fi sí eegun ọmọdé?

Wọ́n ní ká fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà síra.
Téèpù mi, márùn-ún péré ni.
Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà léjìká.
Ara ẹlòmíràn tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nìyẹn
láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀.
Ó gbóná.
Mo pe nọ́ńbà, mo gbàgbé rẹ̀, mo tún un pè.

Ṣòkòtò kan wà lórí ìkọ́ tó kẹ́yìn.
Ti Tísà Fádípẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀rin náírà ló kù lọ́rùn rẹ̀.
Èèyàn méje ló sin ín, a ò lè lọ,
inú fóònù la ti ṣe àmín.
Ọmọ òṣómàáló ni mí:
àwọn bàbá wa á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde.
Ẹnu ọ̀nà wo ni kí n lóṣòó sí báyìí?
Ìyàwó rẹ̀ kọjá láàárọ̀.
Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, kò yà.
N ò pè é.

Mo jókòó, mo ń tú ìṣẹ́tí aṣọ Ìbíjọkẹ́.
Ìka mẹ́ta ni mo ṣẹ́ sínú nígbà náà, ọpẹ́ ni.
Ibi tó fara pa mọ́ ṣì tutù yọ̀yọ̀,
òkè rẹ̀ ti ṣá,
ìlà kan sì là wọ́n láàárín.
Ọmọ fi ìka tọ ìlà náà lọ títí ó fi yí aṣọ ká.
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí á parẹ́?"
Mo ní, bó o bá ń fọ̀ ọ́.
Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó tàsé.
Mo tún un kì.