Ìwo Kẹtàdínlógún

Inú eérú ni wọ́n ti bá a,
nínú ihò àpáta kan lókè Ẹfọ̀n,
níbi tí òjò kì í dé, tí ewúrẹ́ máa ń sá sí lọ́sàn-án.
Ilẹ̀ wa kì í tọ́jú nǹkan;
ó ń jẹ egungun bí ẹni ń jẹ ìpékeré.
Eérú nìkan ló mọ bí a ti í pa àdéhùn mọ́.

Ó gùn láti orí ìka àárín mi dé ọrùn ọwọ́,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ ti ya.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn eruku rẹ̀,
mo fi tàdáwà kọ nọ́ńbà sí i lábẹ́: mẹ́tàdínlógún.
Iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọn kì í bi mí léèrè èrò mi.

Dókítà Fálúyì gbé e sókè sí fèrèsé,
ó di ojú kan.
"Orí ọ̀kọ̀ ni," ó ní, "wọ́n so ó mọ́ igi.
Ẹ wo ṣóńṣó rẹ̀. Inú ara ẹran ló ti kán díẹ̀."
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀,
bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ta sí láṣọ.

Bàbá Ògúnṣakin, tó ń bá wa ṣọ́ ẹnu ihò,
kò jẹ́ fọwọ́ kàn án.
Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó káwọ́ sẹ́yìn.
"Ìwo tí kò ní nǹkan nínú kò sí.
Ẹ wádìí ohun tí wọ́n rọ sí i
kí ẹ tó máa gbé e kiri ìlú."
Mo wo inú rẹ̀. Eérú ni,
àti ẹyin kòkòrò kan tó ti gbẹ.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Fẹ̀hìntọlá gbé oúnjẹ wá,
ó gbé e láìbéèrè, ó fi gún ilẹ̀ àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì.
"Ùwo lásán! Usu ni wọ́n fi ń wà."
Ó nù ún sára ìró, ó dá a padà sórí tábìlì
bí ẹni dá ṣíbí padà.
Dókítà káwọ́ lérí.

Ẹfọ̀n kò sí lókè yìí mọ́.
Bàbá bàbá mi kò rí i; orúkọ ìlú nìkan ló bá.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ,
tí kùrukùru ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú un. Kò bá a mu.
Ibi tó dán kọjú síta,
àtàǹpàkò mi kò rí ibi jókòó.
Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kan.
Mo fi ọwọ́ òsì mú un.

Ó wọlé.
Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀ tí àtàǹpàkò kan ti gbẹ́
lójoojúmọ́, láìmọ̀, fún ọdún tí n kò lè kà;
tèmi bọ́ sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà àtijọ́.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí
nígbà tí wọ́n fi okùn so ọwọ́ yìí mọ́ mi lẹ́yìn lákòókò oúnjẹ.
Ọwọ́ òsì kì í gba ẹran lọ́wọ́ àgbà,
a kì í fi í júwe ilé bàbá ẹni.
Ìwọ ńkọ́? Ta ló nà ọ́?
Àbí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni?
Ṣé ẹran lo gún, àbí iṣu lo wà,
àbí o kàn ń fi í họ ẹ̀yìn lẹ́bàá iná
tí ìyá rẹ ń pariwo pé kí o wá sùn?

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀.
Ohun tí a fi ṣe é: ìwo ẹfọ̀n.
Ibi tí a ti rí i: eérú, ìpele kẹta.
Ìlò rẹ̀: mo fi àlàfo sílẹ̀.
Nípa ti ọwọ́, ìwé náà kò béèrè.
Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.
Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.